Kí A Tó Sọ Pé Ẹ́ńjìnì Ti Kú

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn mẹkáníìkì, àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn àti àwọn tó ní ọkọ̀ àtijọ́ nílé sọ ní Kàbà, ní ilẹ̀ Òkun, ìpínlẹ̀ Kogi, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a jáde síta wà ní ìparí.

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀gá nídìí iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ sún mọ́ iwájú, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Àwọn tó gbéra ní Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ kú ìrìn o.

Gbogbo yín lẹ rí Peugeot 504 funfun tó wà lábẹ́ máńgòrò níta. Okùn ni wọ́n fi fà á dé ibẹ̀. Bàbá ẹni tó ni ín ló rà á. Nígbà tí bàbá kú, kò sẹ́ni tó tún ṣí i mọ́, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́jọ báyìí tó ti wà lójú kan. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n pè sí i gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnì ò mira. Ó ní, "Ó ti nọ́ọ̀kì, ẹ lọ wá ẹ́ńjìnì mìíràn." Kò yọ púlọ́ọ̀gì kan wò. Kò fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí mo ti rí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tà fún àwọn oníwọ̀n irin ní ilẹ̀ Yàgbà àti Ìjùmú, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì díẹ̀ àti sùúrù ọjọ́ mélòó kan ni ì bá gbà wọ́n.

Àìsàn méjì ló ń ṣe ẹ́ńjìnì àtijọ́. Àìsàn ìrìn wà: ríǹgì, òrùka tó yí písítìnì ká, á jẹ; sílíìfù, ihò irin tí písítìnì ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, á fẹ̀; bíárìnì, irin pẹlẹbẹ tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnì ń yí lórí rẹ̀, á tín-ín-rín. Àìsàn ìjókòó náà wà: ríǹgì á lẹ̀ mọ́ ara písítìnì, fáàfù, ilẹ̀kùn tó ń gba epo wọlé tó sì ń tú èéfín, á há, ìpẹtà á bo inú sílíìfù, epo á dì nínú kábúrétọ̀, níbi tó ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, títí tí yóò fi máa fà bí oyin. Lójú ẹni tó bá yára, méjèèjì jọra wọn. Ẹ́ńjìnì ò yí, tàbí ó ń yí ṣùgbọ́n kò lágbára. Ẹni tó mọṣẹ́ á yà wọ́n sọ́tọ̀ kó tó fi sípánà kan tọ́ọ̀pù, irin tó dé orí ẹ́ńjìnì. Ohun tí mo wá sọ lónìí nìyẹn, àti ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ wa ló jẹ́ pé Toyota ni wọ́n bá láyé. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé, òun ni wọ́n sì fún ní oyè ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Ní 1975, ilé iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot nílẹ̀ yìí. Abẹ́ Kwara la wà nígbà náà, 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ìjọba lókè Ọya, Pijó ni wọ́n gbé wálé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Èyí tó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, sítéṣọ̀n wágọ́ọ̀nù, òun ló ń kó èrò láti Kàbà lọ sí Lọ́kọ́ja àti Ìlọrin. Nítorí náà ni 504 fi wà lẹ́yìn ilé káàkiri ọ̀dọ̀ wa, tí adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì oníkábúrétọ̀ tí ẹ máa bá nínú wọn jù jẹ́ oríṣi méjì. Ọ̀kan jẹ́ 1796 cc, ìyẹn ìtóbi inú sílíńdà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀, ẹnu sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 84. Èkejì jẹ́ 1971 cc, ẹnu tirẹ̀ jẹ́ 88. Mìlímítà 81 ni písítìnì ń rìn lọ, tó ń rìn bọ̀, nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé sílíìfù wọn ṣeé yọ, omi sì ń kan ẹ̀yìn sílíìfù yẹn ní tààrà. Ẹ fojú inú wo ife mẹ́rin tí a tò sínú garawa omi. Rọ́bà tàbí òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà ní ẹsẹ̀ ife kọ̀ọ̀kan tí kò jẹ́ kí omi sọ̀kalẹ̀ bá ọ́ìlì. Ẹ má gbàgbé òrùka yẹn, mo máa padà sórí rẹ̀.

Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Ṣé ọkọ̀ yìí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ọgbà ni, àbí wọ́n tì í wọlé? Kí ló ń ṣe lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbé e kalẹ̀? Ṣé ó ń gbóná? Ṣé wọ́n ń bu ọ́ìlì sí i lójoojúmọ́? Ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ wà wálé láti Mọ̀pà láìsí wàhálà, tó pa á, tó wọlé lọ sùn, tí àìsàn sì dá bàbá náà dúró láti ọjọ́ yẹn, ẹ́ńjìnì ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè nọ́ọ̀kì lórí ìdúró. Bí kò bá yí lónìí, ìjókòó ló mú un. Ẹ bi ìyàwó, ẹ bi àwọn ọmọ, ẹ bi aládùúgbò pàápàá. Mo ti rí ìdáhùn tó gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì lẹ́nu ọmọkùnrin kan tó kàn rántí pé bàbá àgbà máa ń gbé jálá omi sí bọ́ọ̀tù: ẹ́ńjìnì náà ti ń pàdánù omi tipẹ́.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ojú ló kàn. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde, kí ẹ fi ìka nù ún. Ọ́ìlì dúdú kò burú, ó kàn pẹ́ ni. Àmọ́ bí ó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti bá a pàdé. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí náà wò. Bí funfun yẹn bá wà lábẹ́ ìdérí nìkan, tí ti orí ọ̀pá mọ́, ó lè jẹ́ òógùn ìrì lásán. Ẹ tú ọ́ìlì náà sínú abọ́ tó mọ́, kí ẹ gbé e sínú oòrùn. Bí ohun kan bá ń dán nínú rẹ̀, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kàn án. Èyí tí mágínẹ́ẹ̀tì gbé jẹ́ irin, ó lè wá láti ara ríǹgì tàbí káàmù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù. Èyí tí kò gbé, tó sì pọ́n bí bàbà, ara bíárìnì ló ti jábọ́: awọ òkè rẹ̀ ti tán, a ti dé bàbà abẹ́ rẹ̀. Àìsàn ìrìn gidi nìyẹn.

Ẹ ṣí ilé fíltà afẹ́fẹ́. Yàtọ̀ sí ìtẹ́ èkúté tí ẹ lè bá níbẹ̀, ẹ fi aṣọ funfun nu inú páìpù tó lọ láti fíltà sí kábúrétọ̀. Bí aṣọ bá pọ́n, eruku ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíltà. Ẹ̀yin náà mọ irú eruku tí à ń jẹ níhìn-ín nígbà ọyẹ́, àgàgà ní ojú ọ̀nà tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Iyanrìn ló wà nínú eruku yẹn, iyanrìn sì le ju irin sílíìfù lọ. Tó bá ti bá ọ́ìlì pò, ó di ohun tí à ń fi pọ́n ọ̀bẹ. Nígbà tí mo bá rí aṣọ pupa yẹn, mo ti ń retí ríǹgì tó jẹ kí n tó dé ìdí géèjì.

Ẹ má fọwọ́ kan sítátà o! Mo bẹ̀ yín. Ẹ́ńjìnì tó ti jókòó fún ọdún mẹ́jọ, bí ẹ bá fi bátìrì tuntun àti ipá yí i, ríǹgì tó lẹ̀ lè ṣẹ́, fáàfù tó há lè mú kí ọ̀pá tó ń tì í tẹ̀. Nígbà náà ẹ ti sọ àìsàn ìjókòó di òmíràn. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ da ọ́ìlì gíà ọ̀tòmátíìkì, èyí tó pupa, tàbí dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ pò mọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, sínú ihò kọ̀ọ̀kan, bí i ṣíbí ìjẹun méjì. Ẹ fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà ńlá mú nọ́ọ̀tì tó wà lórí púlì iwájú, kí ẹ kàn án díẹ̀ síwájú, díẹ̀ sẹ́yìn. Kò yí? Ẹ tún da ọ́ìlì sí i, kí ẹ lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi. Mo ti dúró fún ọjọ́ mọ́kànlá rí, ọjọ́ kejìlá ló gbà.

Tó bá ti ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó kan géèjì ìfúnpọ̀, èyí tí à ń dé mọ́ ihò púlọ́ọ̀gì láti mọ bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ó yà mí lẹ́nu pé ọ̀gá tó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́wàá kò ní géèjì yìí. Kò wọ́n tó iye tí à ń ná sórí fóònù. Púlọ́ọ̀gì gbogbo á wà níta, bátìrì á kún, ẹnìkan á tẹ tọ́rọ́tù, ìtẹ̀sẹ̀ epo, mọ́lẹ̀ pátápátá kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà lórí sílíńdà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Orí nìkan ò tó, ẹ kọ ọ́. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn, níbi fíláíwíìlì, ni Peugeot ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka sílíńdà tirẹ̀. Ẹni tó bá kà á láti ibi rédíétọ̀ bíi ti àwọn ọkọ̀ mìíràn á máa tún sílíńdà tí ara rẹ̀ dá ṣe.

Nọ́ńbà yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́. Ẹ́ńjìnì tó tutù, tó ti pẹ́ nílẹ̀, kò lè fún yín ní ohun tí ìwé sọ. Ẹ wò ó bóyá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ra. Bí ọ̀kan bá fi ju ìdá mẹ́wàá lọ rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù, ẹ da ọ́ìlì ṣíbí kékeré kan sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá fò sókè, ọ́ìlì náà ló bá ríǹgì dí àyè tó fẹ̀. Bí kò bá gbéra, ẹ fi ríǹgì sílẹ̀, ẹ lọ wo fáàfù tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù, èyí tó dí àárín tọ́ọ̀pù àti ara ẹ́ńjìnì. Bó bá jẹ́ méjì tó fara kanra ló jọ rẹlẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ràn jù, iṣẹ́ fọkanáísà ni. Mo mú púlọ́ọ̀gì tó ti bàjẹ́ kan, mo fọ́ tánganran funfun inú rẹ̀ dànù, mo sì ní kí wẹ́dà jó ẹnu fáàfù táyà mọ́ ọn. Mo dé e mọ́ ihò sílíńdà. Mo yí ẹ́ńjìnì títí písítìnì yẹn fi dé òkè, tí fáàfù rẹ̀ méjèèjì sì pa dé, mo fi í sí gíà, mo fa bíréèkì ọwọ́. Mo wá ní kí fọkanáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. Kí gbogbo èèyàn gbọ́wọ́ kúrò nídìí fáànù o, torí ẹ́ńjìnì lè yí lójijì. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ní kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ dákẹ́. Afẹ́fẹ́ á sọ ibi tó ń gbà jáde fún yín. Ó ń súfèé lẹ́nu kábúrétọ̀? Fáàfù tó ń gba epo wọlé ni. Ẹ gbọ́ ọ nínú sàlẹ́ńsà lẹ́yìn ọkọ̀? Fáàfù tó ń tú èéfín ni. Ó ń mí jáde níbi tí a ń da ọ́ìlì sí? Ríǹgì àti sílíìfù ni. Omi rédíétọ̀ ń hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀? Gásíkẹ́ẹ̀tì ti já, tàbí tọ́ọ̀pù ti sán.

Ní Ìsánlú, mo bá ọkọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti sọ fún ìyá náà pé kó ta á. Géèjì fún mi ní 130, 125, 55, 128 psi, ìwọ̀n tí géèjì fi ń sọ ìfúnpọ̀. Mo da ọ́ìlì sí ẹ̀kẹta, ó di 60. Kì í ṣe ríǹgì nìyẹn. Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi etí sí ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ní, "Ọ̀gá, ó ń mí o!" A ṣí ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ohun tó ń tẹ fáàfù ṣí. Ó yẹ kí àyè tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín apá tápẹ́ẹ̀tì àti ìdí fáàfù nígbà tí fáàfù bá pa dé. Níbi yẹn, mi ò lè ti abẹ tó fẹ́lẹ́ jù lọ lára fíìlà géèjì, èyí tí à ń fi wọn irú àyè bẹ́ẹ̀, bọ̀ ọ́. Fáàfù ti jẹ wọ inú ìjókòó rẹ̀, ìdí rẹ̀ ti gòkè, tápẹ́ẹ̀tì wá ń fi tipátipá ṣí i sílẹ̀ díẹ̀ nígbà gbogbo. Mo dẹ tápẹ́ẹ̀tì náà dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ, mo tún un wọ̀n: 118. Ìyá náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìjẹ ara ni lóòótọ́, àmọ́ ìjẹ ara tí sípánà àti súkúrùdíráfà tó fún. Ẹ́ńjìnì ni wọ́n fẹ́ kó rà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ti jí, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bí ìdajì wákàtí, kí ẹ sì tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n. Ríǹgì tó lẹ̀ sábà máa ń tú nígbà tí ooru bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà kejì yìí ni mo gbà gbọ́.

Nípa èéfín, ẹ ti mọ púpọ̀ níbẹ̀, mi ò ní pẹ́. Dúdú jẹ́ epo tó pọ̀ jù. Funfun tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì ti gbóná jẹ́ omi. Èyí tó ní àwọ̀ aró jẹ́ ọ́ìlì tó ń jóná, ìgbà tó ń jáde ló sì ṣe pàtàkì: bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀ tí ẹ ṣáná sí i, tàbí nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù ní ìsọ̀kalẹ̀ òkè, ọ́ìlì ń gba ara fáàfù sọ̀kalẹ̀. Bó bá jẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí ìgòkè, ríǹgì ni.

Ìró ló yẹ ká fara balẹ̀ sí, torí òun ni wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnì jù. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń kàn ló ti nọ́ọ̀kì. Púlì tó dẹ̀ ń kàn. Ẹ́ńjìnì síìtì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, tó bá já, ń kàn. Sàlẹ́ńsà tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀pù ń ró tá-tá-tá gẹ́lẹ́ bíi tápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ẹnu súkúrùdíráfà gígùn kan ara ẹ́ńjìnì, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ mọ́ eegun ẹ̀yìn etí, kí ẹ máa gbé e káàkiri. Tápẹ́ẹ̀tì wà lókè, ìró rẹ̀ fúyẹ́, ìdajì eré kíráńkì, ọ̀pá ńlá ìsàlẹ̀ tí písítìnì ń yí, ló sì ń bá rìn. Písítìnì tó ń lu ara sílíìfù máa ń pariwo láàárọ̀, á sì rọlẹ̀ bí ara bá ti móoru. Bíárìnì kọ́nírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tó so písítìnì mọ́ kíráńkì, yàtọ̀. Ó wà nísàlẹ̀, ó wúwo, ó sì máa ń hàn jù nígbà tí ẹ bá gbé eré sókè díẹ̀ tí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Ẹ yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ìró náà bá rọ̀ nígbà tí ẹ yọ wáyà rẹ̀, sílíńdà yẹn ló ni ẹjọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ṣẹ́ńsọ̀ iná pupa ọ́ìlì, kí ẹ dé géèjì gidi tó ń wọn agbára ọ́ìlì síbẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì ti gbóná dáadáa. Ìró ìsàlẹ̀, bàbà nínú ọ́ìlì, àti géèjì tí kò gòkè: bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, èmi náà á gbà pé ó ti nọ́ọ̀kì. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, mi ò gbà.

Mo sọ pé mo máa padà sórí òrùka ẹsẹ̀ sílíìfù. Ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ọdún tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, hẹdimásítà kan gbé 504 rẹ̀ wá fún mi, pé kò lágbára mọ́. Mi ò wọn nǹkan kan. Mo ṣí tọ́ọ̀pù láti wò ó, mo sì yí kíráńkì kí písítìnì lè gòkè kí n rí ara sílíìfù. Ríǹgì gbá sílíìfù mú, ó gbé e sókè, bóyá bí ìnípọn irun. Mi ò tilẹ̀ rí i. Mo nu ojú rẹ̀, mo fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, mo dì í. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá náà padà wá, ọ́ìlì rẹ̀ ti di ẹ̀kọ. Òrùka ìsàlẹ̀ ti sí kúrò láyè rẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí kò ní àìsàn omi kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, èmi ni mo kó o ràn án. Mo fi owó ara mi ra òrùka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì tú gbogbo rẹ̀ ní ẹ̀kejì. Bàbá náà ò bú mi. Ó gbé àga wá, ó jókòó tì mí títí mo fi ṣe é tán. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò ṣí tọ́ọ̀pù Pijó láti wò ó mọ́. Ohun tí mo bá ti mọ̀ pé mo ń lọ bá ni mo ń ṣí i fún, mo sì máa ń fi bóòtì àti wọ́ṣà ńlá tẹ sílíìfù mọ́lẹ̀ kí kíráńkì tó mira.

Ẹ máa bi mí pé ṣé kò yá ká ra ẹ́ńjìnì tóókunbọ̀. Èyí tí ẹ ń rà yẹn, ta ló mọ bí wọ́n ṣe lò ó? Ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú géèjì kan náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Èyí tó wà lábẹ́ máńgòrò, ó kéré tán, a mọ bàbá tó wà á, a mọ ọ̀nà tó ń rìn. Sílíìfù àti písítìnì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀ láìgbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ irin.

Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ́ìlì ti wà nínú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ yẹn. Láàárọ̀ yìí, mo fi sípánà kàn án, ó mira. Ẹ jẹ́ ká lọ síta.

Ohun tí a bá níta nìyí. Ọmọ iṣẹ́ kan láti Ìyàrà ló mú sípánà, ó sì yí ẹ́ńjìnì náà po lẹ́ẹ̀mejì. Géèjì fún wa ní 45 àti 40 lórí méjì tó wà lẹ́yìn, 110 àti 115 lórí méjì tó wà níwájú. Ọ́ìlì kò gbé méjì ẹ̀yìn náà kúrò níbi tí wọ́n wà. Nígbà tí fọkanáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ọ̀kan, ó ń fẹ́ jáde ní ihò púlọ́ọ̀gì èkejì, débi pé ó gbé aṣọ tí mo fi bo ibẹ̀ dànù. Gásíkẹ́ẹ̀tì ti já láàárín wọn. Ọ́ìlì tí a tú kò ní bàbà nínú. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì, a sì ṣí tọ́ọ̀pù. Ọmọ Ìyàrà yẹn ló fi bóòtì àti wọ́ṣà tẹ sílíìfù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ lójú mi, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan púlì.